Páálí Bíà Tí Wọ́n Gbé Lé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Lọ́wọ́

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú ìjà ta ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Tó o bá ṣì ń gun àkàsọ̀ ilé yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, má bi mí léèrè ìdí tí kò fi sàn o. Àwa náà ń bẹ. Màmá wa ń kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé etí àwọn ṣì ń gbọ́ràn dáadáa, pàápàá ohun tí a kò bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló mú mi kọ̀wé, àbúrò mi tó o pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro ọ́. O mọ̀ pé oṣù mẹ́fà ló lò nílé ìtọ́jú nítorí ọtí. Oṣù karùn-ún ọdún yìí ló padà dé. Ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì nílé tí àwọn ọlọ́gbọ́n àdúgbò fi dá Ìgbìmọ̀ Alátìlẹ́yìn sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa ni alága. O mọ̀ ọ́n: tó bá fẹ́ kí èèyàn káàárọ̀, á kọ́kọ́ húkọ́ kí gbogbo òpópónà lè dákẹ́. Wọ́n yan alága, wọ́n yan igbákejì, wọ́n yan akọ̀wé, wọ́n yan alábòójútó àga. Èèyàn méjìlá gba oyè nítorí ẹnì kan tó ṣàìsàn! Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti wá rán fìlà ìgbìmọ̀. Orí méjìlá ni mo wọ̀n, téèpù mi kò bá làákàyè pàdé lórí ọ̀kankan.

Ní Sátidé kan lóṣù kẹfà, wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó: Ọ̀MÙTÍ ÀNÁ. Wọ́n ní kí àbúrò mi dìde. Alága húkọ́, ó ní, “Sọ fún wa, ìgò mélòó lò ń mu lóòjọ́?”

Ó ní, “Ọ̀gá, n kì í kà á.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó rí iṣẹ́. Nígbà tí ìpàdé parí, alága gbá a léjìká: “Ìwọ tí ara rẹ ti le, bá wa gbé páálí bíà yẹn wọlé. Ọ̀fun ti gbẹ.”

Ọ̀rẹ́ mi, n kò parọ́ mọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń kọ ọtí fún ọmọ ọlọ́mọ, bíà ni wọ́n fi ń parí ìpàdé. Àbúrò mi gbé e, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì jáde. Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni mo bá a, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, òógùn bò ó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí n padà wọlé. Tí mo bá padà, mo ti lọ nìyẹn.”

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀, tí wọn kò sì fún láyè láti sọ ọ́, ló jáde wá jókòó tì í. Ó béèrè pé, “Ìgbà wo ló máa ń le jù?”

“Aago mẹ́rin, ìgbà tí mo máa ń ṣíwọ́ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. N kì í mọ ibi tí mo máa gbẹ́sẹ̀ gbà. Ilé ọtí mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Kí ẹnì kan ṣáà ti máa wà pẹ̀lú rẹ láago mẹ́rin.”

Mo wọlé lọ bá alága. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹni tó fi iná sórí òrùlé, ṣé òun náà la tún máa fi ṣe olórí panápaná?” Ó nu ìfófò kúrò létè, ó ní ìdánwò ni, pé àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti sàn lóòótọ́. Ìdánwò! Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán tó ń jinná, ṣé inú kòtò la máa taari rẹ̀ sí ká fi mọ̀? Fìlà tí mo rán ló wà lórí alága. Ojú tì mí fún òwú mi.

Àwa náà wá ṣe tiwa, láìsí alága. Káfíńtà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó ṣàìsàn gbà á padà síṣẹ́. Ó ní, “Ọjọ́ Ajé ni kó o bẹ̀rẹ̀. Tó o bá pẹ́, n ó bú ọ bí mo ṣe ń bú àwọn yòókù.” Inú àbúrò mi dùn sí èébú yẹn ju gbogbo àtẹ́wọ́ wọn lọ. Ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ọ̀gá rẹ̀ máa ń bá a rìn délé. Nọ́ọ̀sì ló ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, aṣọ oníbàárà ló máa ń bá mi lọ̀. Sátidé ni ti màmá wa, ẹni tí wọ́n bá sì ń bá sọ̀rọ̀ kì í ráyè ronú ọtí.

Kò rọrùn o. Ní oṣù tó kọjá, ó mu ìgò kan. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò lè wo ojú màmá. Nọ́ọ̀sì ní, “Àná nìyẹn. Òní ńkọ́?” Ó mú ayùn rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n fi lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn. Màmá wa fi lẹ́tà náà ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ ṣe nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú ló mu ún. Ọjọ́ yẹn ni kò lẹ́ni, torí kálukú wa ló ń tọ́jú ilé tirẹ̀. Nítorí náà, ìwọ tó o wà lókèèrè ni mo fi síbẹ̀. Láago mẹ́rin tiwa, pè é lórí fóònù. Má wàásù fún un, má bi í nípa ìgò. Bi í léèrè ilẹ̀kùn tó ń kàn lọ́wọ́, á sọ̀rọ̀ títí káàdì ìpè rẹ á fi tán. Mo ti sọ fún un pé o máa pè. N kò bi ọ́ kí n tó sọ ọ́, má bínú.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì fa àwọn ìbejì létí díẹ̀ fún mi.

Èmi ni tìrẹ, bí a ṣe ń jà, bí a ṣe ń rẹ́,

Aránṣọ rẹ.