Ọjọ́ Tí Mo Kí Ìyàwó Mi Bí Oníbàárà

                                        Àjà Kejì,
                                        Ilé tó kọjú sí ilé-epo.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Àgùntáṣọọ́lò,

Báwo ni ara gígùn yẹn? Ìyàwó wa ńkọ́? Orúnkún tí kì í jẹ́ kí o sùn ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀? Àwa náà wà láyé. Má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó tóbi gàdàgbà, ó nídìí.

O mọ̀ pé ara pátákó ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kọ́ A-B-D. Síbẹ̀ èmi ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìgbowó ní ẹ̀ka jígí ojú, ní ilé-ìtajà ńlá tí àwọn tó gboyè ń wáṣẹ́ sí tí wọn ò rí. Ìka mi mọ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi, ojú mi ń lọ. Dókítà ojú tó wà ní ẹ̀ka wa tan iná wò ó ní kọ̀rọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá, nínú gbogbo jígí tí à ń tà níbí, kò sí èyí tó lè ṣe é." Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fẹ́nì kan. Ìka ni mo fi ń ríran láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fura. Wọ́n wá ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀: kò ní bọ́tìnnì, ojú dígí jọ̀lọ̀ lásán ni. Kí ni ìka mi yóò dì mú?

Èyí tó pa mí jù ni ti àná. Obìnrin kan dúró níwájú mi. Mo tún ohùn ṣe bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́: "Ẹ káàbọ̀, mà. Jígí wo lẹ mú?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Baálé mi, èmi náà ti wá di mà? Oúnjẹ tí ẹ gbàgbé ni mo gbé wá o."

Mo rín tèmi náà, mo ní bí ọkùnrin gidi ṣe ń bọ̀wọ̀ fún aya rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó jẹun nílé, ó mú ṣíbí, ó wá ọwọ́ mi, ó fi í sí i. Mo fi jẹun.

Jọ̀wọ́, wá kí ẹ̀rọ yẹn tó dé. Mi ò tọrọ nǹkan kan. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ́lé? Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí, nígbà tó ṣì ku díẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Bí o bá dé ìdí ẹ̀rọ, má dákẹ́ dúró o. Kọ́kọ́ bú mi ní kúkúrú bìlísì bí o ṣe máa ń ṣe, kí n má baà bi ìwọ náà pé jígí wo lẹ mú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹsẹ̀,
Kúkúrú Ọ̀gá Ẹ̀rọ.