Onígbàjámọ̀ Tó Di Olùdásílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Mọ́mì ti ń fúyẹ́ díẹ̀.

Àwọn kan ń ṣe fíìmù nípa àwa tá a kọ́kọ́ fẹ́ràn kàtúùnù Jàpáànù níbí. Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ló jókòó síwájú kámẹ́rà. Ó ní yàrá òun lẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń ká kàtúùnù sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò fún wa. Yàrá yín ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ sì ń ká a. Ojú ò tiẹ̀ tì í. Ó kó mi nírìíra.

Ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde bí ẹ̀rí. Wọ́n fi í sẹ́rọ, ìparí ló wà. Ẹ sì máa ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá yá kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yí i padà síbẹ̀rẹ̀ kó tó dá a padà. Láti ọjọ́ tó ti yá a lọ́wọ́ yín, kò yí i, kò sì dá a padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn onífíìmù yẹn, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ọlọ́run á ṣọ́ ilé yín. Mo ti gba kásẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì ti yí i padà.

Àbúrò yín obìnrin