Kí Ni Ká Máa Pè Yín?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Òkúdu

Wọ́n gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé wá sí ti àwọn obìnrin. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fún mi kò ṣí i. Bàtà mi ń dún lórí ilẹ̀ dídán, gbogbo aláìsàn ń wò mí.

Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ — Ìyá Wọ́ọ̀dù ni gbogbo èèyàn ń pè é, látorí dókítà dórí ẹni tó ń nulẹ̀. Èmi ti sọ ọ́ ní tèmi: Alápòótí. Àpótí ìjókòó kékeré kan wà tó máa ń gbé há abíyá kiri. Bó bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, á gbé e kalẹ̀, á jókòó, kó tó lanu. Iṣẹ́ kún ilẹ̀ báyìí, ìyá ń jókòó. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Obìnrin orí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àtọ̀gbẹ, egbò ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo bá a tẹ̀rín-tẹ̀ríyẹ̀ — ẹnu mi dùn, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Mo ní Màmá, ẹ kú ìnira o, ẹ jẹ́ ká wẹ egbò yìí kẹ́ ẹ lè tètè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé oorun ni. Mo tún pè é: Màmá, Màmá. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀.

Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kò gbà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Dókítà wá. Ó ní egbò náà ti ń rùn. Tá ò bá rí i wẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gé. Ojú obìnrin náà ló ti sọ ọ́, àmọ́ àwa ló ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni ń sọ ti ẹsẹ̀ tábìlì.

Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n òun, máṣìnnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, ẹsẹ̀ yẹn ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá gé e, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́. Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Màmá, ẹ ro tàwọn ọmọ. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni ojú rẹ̀ ń le sí i. Alágídí ni. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ ọ́ níta.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Kí n kọ eléyìí dáadáa.

Alápòótí gbé àpótí dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó jókòó, orí rẹ̀ wá rẹlẹ̀ ju ti aláìsàn lọ. Ó kí i: ẹ kú ìrọ́jú. Kò mẹ́nu ba ẹsẹ̀. Ó dákẹ́. Èmi dúró ti abọ́ omi àti òwú, omi ń tutù, mò ń wo aago. Ó ṣì dákẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè máa dákẹ́, kó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Nígbà tó yá, ó tẹjú mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ tí obìnrin náà wọ̀, ó béèrè ẹni tó rán an. Obìnrin náà ní òun ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tá a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Alápòótí wá bi í pé, "Kí ni ká máa pè yín?"

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ títí. "Ọ̀gá làwọn ọmọṣẹ́ mi ń pè mí. Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Mi ò bímọ rí. Ẹni tó ń pè mí ní Màmá láàárọ̀ lálẹ́, ojú egbò mi ló ń tọwọ́ bọ̀. Tẹsẹ̀ yìí ò tiẹ̀ dùn mí tó o."

Èmi ẹlẹ́nu dídùn. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Alápòótí kò bojú wẹ̀yìn wò mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. A ò bi yín léèrè ni." "A" ló ní, kò ní "ọmọ yìí ni". Ó kó ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀bi tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ó ṣe é wẹ́rẹ́ bí ẹni gbálẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo yá àpótí, mo wẹ egbò náà. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, Ọ̀gá ní kí n fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ kí n mójú tó ẹsẹ̀. Ó wo bí mo ṣe ń gé báńdéèjì, ó ní gígé mi wọ́, ọmọṣẹ́ irú mi lòun máa ń dá padà sídìí bọ́tìnì rírán. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Wọn ò gé nǹkan kan! Dókítà ní ẹran tuntun ti ń yọ. Mo lọ sunkún ayọ̀ ní yàrá ìfọṣọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń gba ìtọ́jú níbí wá pariwo lé Alápòótí lórí. Alápòótí jẹ́ kó sọ ọ́ tán pátápátá. Ó wá bi í pé, "Ẹ ti jẹun lónìí?" Obìnrin náà jókòó, ó bú sẹ́kún. Kò tíì jẹun látàná.

Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé ohun tá a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láyé mi, mo rò pé àwo ilé ìdáná tí mo máa ń fọ́ ló ń bá wí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọ̀gá lọ sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi rìn jáde, àbúrò rẹ̀ dì í mú. Á máa wá kí wọ́n bá a wẹ egbò tó kù. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí Alápòótí, ó bi í pé ọmọ mélòó ló bí.

Alápòótí ní òun kò bí.

Báàgì Ọ̀gá wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo àkókò yìí — Ìyá Wọ́ọ̀dù, ẹ káàárọ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù, ẹ wá wò ó. Àwa náà ń tọwọ́ bọ ojú egbò, kò sì wí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tẹ̀lé e. Ẹnu mi wúwo. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n máa pè yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Wọ́ọ̀dù ni. Lọ́jọ́ tí mo gba wọ́ọ̀dù yìí, wọ́n bi mí ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi mú un. Ọ̀gá ńkọ́, ta ló bi í léèrè?"

Ó gbé àpótí lé mi lọ́wọ́. Aláìsàn tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo lọ jókòó tì í.