Ẹtu tí Àdùkẹ́ tọ́

Bantè, òru Ọjọ́bọ̀

Kí ló dé tí mo nawọ́ sókè lónìí?

Òfin tí wọ́n mú wá sí ìpàdé àdúgbò kò burú: kí ẹnikẹ́ni má sin ẹran ìgbẹ́ nínú ilé mọ́. Ọ̀bọ kan ti bu ọmọ jẹ ní Pira. Ṣùgbọ́n èmi ni gbogbo wọn yíjú sí, nítorí ẹtu wa. Ìyàwó mi ló rí i lẹ́yìn tí iná jó etí oko iṣu, ọmọ jòjòló ni. Mílíìkì ló fi tọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ tà á fún mi," ni Múfú tí ń ta epo bẹntiróò wí. "Ìkòkò ọbẹ̀ mi kì í rú òfin!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá ìjọ aláṣọ funfun tí a jọ ń gbé agboolé kan kò rẹ́rìn-ín. "Múfú, pa ẹnu rẹ mọ́! Ṣé o mọ ohun tí ẹran yẹn jẹ́ fún bàbá yìí?"

Ojú tì mí. Mo sáré nawọ́ pé mo fara mọ́ òfin.

Nígbà tí mo délé, ẹtu náà wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹnìkan tún ń bọ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí Àdùkẹ́ ti kú.

Bí mo bá tú u sílẹ̀ nígbó Atokoligbé, yóò sáré tọ ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí, ì báà ṣe ọdẹ. Kò mọ̀ pé ènìyàn ń pa ẹran.

N óò lọ bá olórí àdúgbò láàárọ̀. N óò sọ fún un pé irọ́ ni mo fi ọwọ́ mi pa, pé ẹtu yẹn nìkan ló tún ń bá mi retí Àdùkẹ́.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa àtùpà.