Bàbá Tí N Kò Tò Sínú Fọ́tò

Olóòtú wa, Arábìnrin Ìpàdéọlá, ẹ kú iṣẹ́ o, sannu da aiki. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mí ní Sabon Gari. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n àwọn dókítà yunifásítì ní Samaru ló ń bẹ̀ mí kí n wá ya fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ wọn.

Orí òkè Kufena ni mo ti máa ń ya tọkọtaya àti ẹbí wọn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tò wọ́n. Lọ́dún yìí, bàbá kan tí n kò tò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú fọ́tò, láti ìgbéyàwó kan sí òmíràn. Ẹbí ìyàwó á ní, "Ẹbí ọkọ ni." Ẹbí ọkọ á ní, "Ṣé kì í ṣe tiyín ni?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe fẹ́ tẹ kámẹ́rà, ìyàwó sọ láìwẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ́wọ́ yín kúrò léjìká mi, ó tutù." Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Sátidé, orí òkè yẹn ló sì fẹ́ ká ti ya fọ́tò. Mo ní ká yà á nílé. Ó ní, "Haba, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yangàn pé kò sí fọ́tò bíi ti orí òkè?"

Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.