Kòkó Bu, Ọpẹ́ Ò Bu

Ìdànrè, Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Òjò ò jẹ́ kí kòkó tí a sá sórí àpáta gbẹ, ó ti bu.

Láàárọ̀, mo dá orin ọpẹ́ nídìí àdúrà, ọkọ mi ò gbè é. Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ọpẹ́ kí ni? Ti kòkó tó bu?"

Mo ní, "Ẹ máa wò mí, màá dá a kọ." Mo sì kọ ọ́ tán, tariwo-tariwo.

Ọlọ́run, mo jí, mo sì lóhùn. N ò ní dákẹ́.

Àbí òun kọ́ ló sọ ọmọ wa ní Tọ́pẹ́? Látàárọ̀ ló ti ń pè mí: Ìyá Tọ́pẹ́, omi dà? Ìyá Tọ́pẹ́, oúnjẹ ńkọ́? Kó máa pè mí lọ. Ọpẹ́ ló ń dá yẹn, ó fẹ́, ó kọ̀.