Ẹyin Edé Tí Màámi Sá Sóòrùn

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun alẹ́.

Inú ń bí mi, mi ò sì rẹ́ni bínú sí.

Páànù jò lóru ìjẹta, omi wọ agolo ẹyin edé gbígbẹ tí mo ń pa fún àwọn ọmọ ẹja àrọ̀ mi láti jẹ. Kí n tó ti Orítamẹ́rin dé lánàá, Màámi ti sá a bí ẹní sá èlùbọ́.

"Mo ti bá ẹ sá a, ó ti gbẹ táútáú."

"Ẹ ṣé, mà."

Purotéènì tó mú èèpo ẹyin náà le ń dáàbò bo ọmọ inú rẹ̀ nígbà tó bá ṣì ń sùn ní gbígbẹ nìkan ni. Tómi bá ti jí i, tó ti ń la èèpo, oòrùn á pa á.

Láti àná ni mo ti dà wọ́n sómi iyọ̀ kí wọ́n lè jí, ìkankan ò mira. Kí ni àwọn ọmọ ẹja àrọ̀ mi fẹ́ jẹ?

Màámi tún yọjú nísinsìnyí. "Ṣé wọ́n ti jí?"

"Wọ́n ṣì ń sùn, mà."